A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jọ èyí tí mo sábà máa ń sọ lórí èdè àti àṣà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè wà nídìí rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ọ̀rọ̀ nípa ìṣòro tí a kò tí ì yanjú ni mo sì máa ń kà á sí. N kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe ohun tí òwe náà kọ̀ ní ti gidi, ní alaalẹ́, tí a sì ń hanrun lábẹ́ rẹ̀.

Ní Ẹgbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó, ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni mo ń gbé nígbà náà. Ọkọ Màmá onílé wa, tó ti di olóògbé, ló kọ́ ọ ní 1981. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, iná ti lọ láti àárọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago méje alẹ́, wọ́n mú un dé. Àwọn ọmọ àdúgbò pariwo "Up NEPA!" gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù, ẹni tó fẹ́ fa omi tan ẹ̀rọ omi, ẹni tó fẹ́ gbé omi kaná ki kẹ́tù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ amúlétutù yàrá òkè náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò tó ìdajì wákàtí tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni àpótí fíúsì ilé náà wà, lórí pákó kan tí ikán ti jẹ létí. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn fíúsì tánganran ibẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. A sáré pe oníṣẹ́ iná àdúgbò. Ó pa iná ní súwíṣì ńlá, ó fa fíúsì náà yọ, ó sì nà án sí mi kí n wò ó. Wáyà fíúsì kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti bọ́ rọ́bà kúrò lára wáyà lásán, ó sì ti lọ́ ọ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó ẹyọ ìgbálẹ̀ kan.

Mo bi í pé, "Ta ló fi irú eléyìí síbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ o," ni ó dáhùn. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Bí a bá fi wáyà fíúsì gan-an síbẹ̀, yóò kàn máa já ni. Ẹ ó sì máa pè mí ní alaalẹ́."

Màmá onílé dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Wọ́n ló mú iná wá tó ga jù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe wá nìyẹn."

Gbólóhùn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ dá lóhùn: "yóò kàn máa já ni," àti "wọ́n ló mú iná wá." Ti Màmá ni n ó kọ́kọ́ mú.

Ẹ wo bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná. Wọ́n ti mú iná lọ. Wọ́n ti mú iná wá. Wọ́n ti wá gé iná wa. Ta ni "wọ́n" yìí? Ní ayé àwọn bàbá wa àgbà, ECN ni, àjọ tí ìjọba amúnisìn fi òfin dá sílẹ̀ ní 1950. Ní 1972 ni wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń mójú tó àwọn ìsédò orí Odò Ọya, tó wá di NEPA. Ní 2005 ó di PHCN. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba fa pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, Ikeja Electric sì ni ó gba ọ̀dọ̀ tiwa. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n "wọ́n" kò yí. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí NEPA ti kógbá wọlé náà ń pariwo orúkọ rẹ̀ bí iná bá dé.

N kò dá èdè wa lẹ́bi. Ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lórí ohun tó ń lò kò lè ṣàìlo arọ́pò-orúkọ "wọ́n" fún ẹni tó ní in. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ kọ́ ni Màmá pa. Bí wáyà neutral bá já nídìí tíránsífọ́mà, iná tó yẹ kó jẹ́ 230 volt lè gòkè súnmọ́ 400 volt nínú ilé ẹlòmíràn. Ẹ sì mọ àṣà wa ní Ìkòtún, ní Ìgàndó àti ní Ẹgbẹ́dá: bí iná fésì kan bá lọ sílẹ̀, gbogbo ilé a sáré yí fíúsì wọn sí fésì tó dára, títí èyí tó dára náà yóò fi dákú. "Wọ́n" ní ẹ̀bi tiwọn, a kò sì gbọdọ̀ yé fi ẹjọ́ wọn sùn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ "wọ́n" gbọ́dọ̀ dúró sí, ibẹ̀ sì ni ìdí mítà. Òpó, tíránsífọ́mà, wáyà tó ti orí òpó wá àti mítà fúnra rẹ̀, tiwọn ni. Àpótí fíúsì, wáyà inú ògiri, súwíṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, tiwa ni. Àwọn kọ́ ló ra á, àwọn kọ́ ló dè é, wọn kò sì ní wá yẹ̀ ẹ́ wò bí a kò bá pè wọ́n. Láti ìdí mítà wọnú ilé, kò sí "wọ́n" mọ́. Ó ku "àwa".

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé, nínú ilé tó ti pẹ́, àpótí fíúsì ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a pààrọ̀, ṣáájú ọ̀dà, ṣáájú táìlì, ṣáájú géètì tuntun. Mo mọ̀ pé èrò yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, nítorí pé àlejò kì í wọlé kó wá yin àpótí fíúsì.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilé tí mò ń sọ. Ní erékùṣù Èkó ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní 1896. Nígbà náà, oko àti abúlé ni Alímọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn tí owó epo dé, tí Èkó kún, ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní Àkówọnjọ, Ẹgbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún àti Ìgàndó. Ìjọba náà kọ́lé: ẹ wo ẹ́sítéètì Abẹ́sàn ní Ìpájà, ọ̀kan nínú èyí tí Lateef Jákáńdè kọ́ nígbà tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ẹ wo ẹ́sítéètì Shagari tí kò jìnnà síbẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe ààrẹ ní ọdún wọ̀nyẹn kan náà. Nígbà tó fi di ìkànìyàn 2006, Alímọ̀ṣọ́ ti ní ènìyàn 1,277,714, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni pé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún. A ti tún òrùlé wọn ṣe, a ti tún fèrèsé wọn ṣe. Àpótí fíúsì ńkọ́?

Ohun tí ẹni tó de wáyà ilé kan ní 1981 ní lọ́kàn kò ju báyìí lọ: gílóòbù mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 watt, fáànù méjì, rédíò kan àti tẹlifíṣọ̀n kan. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò tó nǹkan bí 600 watt. Bí a bá fi 230 volt pín in, ìṣàn iná tó ń gba inú wáyà kò pé 3 ampere. Ẹ wá wo agbo ilé kan náà lónìí. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré, nǹkan bí 1000 watt. Kẹ́tù iná, 2000. Áyọ́ọ̀nù, 1200. Fírísà, 200. Ẹ̀rọ omi, 750. Ó di 5150 watt, ìṣàn rẹ̀ sì lé ní 22 ampere, kí a tó ka fáànù kan tàbí gílóòbù kan. Tí ilé náà bá jẹ́ èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní "face-me-I-face-you", tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní kẹ́tù tirẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ìṣirò tó kù.

Mo ti débi ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná wàyí: "yóò kàn máa já ni." Kí ni iṣẹ́ fíúsì gan-an? Ní ayé àtijọ́, oníbodè ló ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú. Ẹni tí kò yẹ kó wọlé, kì í jẹ́ kó wọlé. Fíúsì ni oníbodè ilé. Wáyà tín-ín-rín kan ni, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ yọ́ bí ìṣàn iná bá ju èyí tí wáyà inú ògiri lè gbà lọ. Nínú irú fíúsì àtijọ́ yìí, àmì funfun jẹ́ ti 5 ampere, àmì aláwọ̀ ojú ọ̀run jẹ́ ti 15, ti pupa jẹ́ 30. Wáyà bàbà tó wà nínú ti 15 kò ju ìdajì mìlímítà lọ ní ìbú. Tín-ín-rín rẹ̀ yẹn gan-an ni agbára rẹ̀. Ó ń kú kí ilé má baà kú.

Nítorí náà, bí fíúsì bá ń já ní alaalẹ́, ẹjọ́ ló ń rò. Ó ń sọ fún wa pé ẹrù tí a dì lé wáyà yìí ti pọ̀ jù. Kí ni àwa ṣe? A lé oníbodè kúrò, a sì fi igi ti ibodè sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí a bá fi wáyà tó nípọn dípò, fíúsì kò ní já mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni yóò kọ́kọ́ yọ́, ìyẹn wáyà inú ògiri tàbí ti òkè àjà. Ooru inú wáyà kì í sì í gòkè ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìṣàn iná. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru a di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Rọ́bà tí wọ́n sábà fi ń bo wáyà ilé, ooru 70°C ni òpin èyí tí a ṣe é fún. Bó bá ti ń gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, yóò gbẹ, yóò sán, yóò sì máa já bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Orí igi òrùlé sì ni ọ̀pọ̀ wáyà ilé wa tẹ́jú sí. Àbí ẹ rí òwe àwọn àgbà?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan la gbọ́n irú ọgbọ́n yìí. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí fíúsì tí wọ́n ń yí wọ ihò bíi gílóòbù ṣì wọ́pọ̀, àwọn kan máa ń fi owó bàbà penny sẹ́yìn èyí tó ti já, kí iná lè padà wá. Owó kékeré ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn, ilé odindi ni wọ́n sì ń fi í tọrọ. Ohun tó gbà wọ́n sílẹ̀ ni pé wọ́n pààrọ̀ àpótí náà sí irú èyí tí a kò lè fi owó ẹyọ tàn jẹ.

Irú èyí ni bọ́ọ̀dù tuntun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní DB. Bírékà ló wà nínú rẹ̀ dípò fíúsì. Ní 1924 ni Hugo Stotz àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Mannheim, ní ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bírékà kékeré tí a lè tẹ̀ padà. Ẹ̀yà méjì ló ń ṣọ́nà nínú rẹ̀: irin pẹlẹbẹ kan tó ń tẹ̀ bí ooru bá pọ̀ díẹ̀díẹ̀, àti òòfà kan tó ń já a lójijì bí wáyà méjì bá kan ara wọn. Kò sí wáyà tí a óò fi dípò wáyà nínú rẹ̀. Bó bá já, a ó yọ ẹrù kúrò, a ó sì tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó má já mọ́ àyàfi kó ra bírékà tó tóbi jù. Ìyẹn náà kò dára, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹni tó bá ṣí bọ́ọ̀dù náà yóò rí iye tó wà lára rẹ̀ gbangba.

Èkejì tún wà tí àpótí àtijọ́ kò ní rárá. Fíúsì àti bírékà, ilé ni wọ́n ń ṣọ́. Wọn kì í ṣọ́ ènìyàn. Ìṣàn iná tó lè pa ọmọdé tó fi ọwọ́ tútù kan fírísà kéré púpọ̀ sí èyí tó lè já fíúsì 15 ampere. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní RCD ló ń ṣọ́ ènìyàn. Ó ń wo iná tó jáde lọ àti èyí tó padà wá. Bí ìyàtọ̀ wọn bá tó 30 milliampere, ìyẹn apá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ampere kan, yóò pa iná náà kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ní Amẹ́ríkà, Charles Dalziel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, ló ṣe irú rẹ̀ tó ń gba ẹ̀mí là ní 1961. Láti 1975 ni òfin ibẹ̀ ti ní kó wà ní ilé ìwẹ̀. Àwa tí a máa ń sọ ní èdè wa pé "iná gbé e", bí ẹni pé ẹyẹ àwòdì ló gbé òròmọdìyẹ, ó yẹ kí a mọ̀ pé ohun kan wà tó lè gba òròmọdìyẹ náà padà.

Mo fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé òun ló ń dẹ́rù bà mí jù. Kí ló dé tí àpótí àtijọ́ wọ̀nyí kò tí ì jó ilé wa? Òkùnkùn ló gbà wá. Wáyà tó gbóná fún wákàtí mẹ́ta máa ń rí wákàtí mẹ́wàá tí yóò fi tutù, nítorí pé "wọ́n" ti mú iná lọ. Ohun tí a ń bú ló ń ṣọ́ wa. Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Band A sókè sí 225 náírà fún kilowatt-wákàtí kan, pẹ̀lú ìlérí pé iná yóò máa wà fún ogún wákàtí lóòjọ́ ó kéré tán. Ilé àtijọ́ tó bọ́ sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ìsinmi rẹ̀. Ohun tí a ti ń gbàdúrà fún láti ọdún gbọọrọ lè dé bá ilé tí kò ṣe tán láti gbà á. Ẹni tó bá ń tọrọ òjò, ó yẹ kó ti tún òrùlé rẹ̀ ṣe.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí wáyà fi ń gbóná, gbígbẹ ni rọ́bà rẹ̀ ń gbẹ. Pípẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára. Èkejì ni owó. Owó ńlá ni lóòótọ́, n kò ní fi ẹnu fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e ka ẹ̀gbẹ́ owó ọ̀dà, owó géètì, àti owó ayẹyẹ tí a ń ná. Ẹ̀kẹta ló le jù: ta ni yóò san án, onílé tàbí ayálégbé? Onílé a ní ẹrù àwọn ayálégbé ló pọ̀ jù; ayálégbé a ní kì í ṣe ilé bàbá òun. Ẹ ò rí i pé "wọ́n" náà ló tún wọ inú ilé wá? Èrò tèmi ni pé onílé ló ni bọ́ọ̀dù, nítorí pé ara ilé ni, yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ayálégbé bá ti kó lọ. Ṣùgbọ́n ayálégbé tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ amúlétutù wọlé gbọ́dọ̀ sọ fún onílé kó tó dè é, kó sì san owó wáyà àti bírékà tí ẹ̀rọ náà nílò. Iná kì í béèrè ìwé owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọ yàrá rẹ̀.

Bí a bá ti gbà láti ṣe é, ẹ jẹ́ kí a ṣe é bó ti yẹ. Ẹ wá oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ. NEMSA, àjọ tí òfin ọdún 2015 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tó sì ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe iná ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já èdìdì mítà. Ilé-iṣẹ́ iná ni kí ẹ pè láti wá já iná kúrò níta. Bọ́ọ̀dù tuntun lórí wáyà tó ti bàjẹ́ dà bí géètì tuntun lára ògiri tó ti là. Àwọn àgbà sì ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ megger yẹ àwọn wáyà inú ògiri wò kó tó so wọ́n mọ́ bọ́ọ̀dù. Wáyà 1.5 ni a sábà ń lò fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ tó wúwo, bírékà kò sì gbọdọ̀ ju agbára wáyà rẹ̀ lọ. Kí ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi ní ẹ̀ka tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wáyà ilẹ̀ wà, kí irin rẹ̀ sì wọlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ní súwíṣì changeover gidi, kó má baà ti iná padà sórí òpó níbi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ wáyà pẹ̀lú. Nínú ilé àtijọ́, wáyà pupa ni iná wà nínú rẹ̀, dúdú sì ni neutral. Nínú àwọ̀ tuntun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2004, búráùn ni iná wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run sì ni neutral. Bó bá jẹ́ fésì mẹ́ta, dúdú náà ní iná. Wáyà méjèèjì ni wọ́n ń tà ní ọjà wa. Ẹni tó bá da irú méjèèjì pọ̀ nínú ilé kan láìkọ ọ́ sílẹ̀, ó ti dẹ pàkúté fún ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ èdè wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì tí ì sọ ọ́ tán. Iná tí a fi ń dáná, iná tí a fi ń ríran, iná tí ń gbé ni, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu wa. Àwọn tó fi mànàmáná kún un mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ohun ìjà Ṣàngó ni wọ́n gbà pé a mú wọ ilé. Kò yà mí lẹ́nu pé ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní 1964 ni wọ́n gbé síwájú olú-ilé-iṣẹ́ iná ní Marina, Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ilé wa: gbogbo ìkìlọ̀ tó wà lára bọ́ọ̀dù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Gbogbo orúkọ tí oníṣẹ́ iná kọ sí ẹ̀gbẹ́ bírékà, bó bá kọ ọ́ rárá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó máa ń wà nílé ní ọ̀sán, tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn, tó sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò pa, lè jẹ́ ìyá àgbà tó ń ka Bíbélì tàbí ìwé àdúrà ní Yorùbá geere, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta la wá kọ ìkìlọ̀ náà fún?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, iṣẹ́ yín nìyí o. Ẹ ti ń wá ibi tí ẹ ó ti fi ẹ̀kọ́ yín sin ìlú. Ẹ mú kálámù lọ sídìí bọ́ọ̀dù ilé yín. Ẹ kọ "Yàrá Màmá", ẹ kọ "Ẹ̀rọ omi", ẹ kọ "Ilé ìdáná". Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: bí ẹ bá gbọ́ òórùn rọ́bà, ẹ pa súwíṣì ńlá, ẹ má da omi sí iná mànàmáná, ẹ jáde síta, kí ẹ sì pe 112 tàbí 767, ilé-iṣẹ́ panápaná yóò gbọ́.

Ní ti ilé Ẹgbẹ́dá, Màmá ti ń tọ́jú owó nígbà náà láti fi kun ilé fún ìrántí ọdún kẹwàá tí Bàbá kú. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé mi, kò sọ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n pe oníṣẹ́ iná tó mọ̀wé wá. Àwa ayálégbé dáwó wáyà ẹ̀rọ amúlétutù àti ti ẹ̀rọ omi. Nígbà tí ọkùnrin náà fa wáyà àtijọ́ jáde láti òkè àjà, rọ́bà rẹ̀ ń fọ́ sí i lọ́wọ́, igi tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ẹran tí a sun. Màmá gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Abẹ́ eléyìí ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sùn."

Wọ́n ṣe ìrántí náà nínú ilé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Èmi ni mo kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ bírékà, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, iná kan ṣoṣo já nínú ilé ní ọ̀sán nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé àfi Màmá. Nígbà tí mo dé, ó ní, "Ẹ̀rọ omi ló já a. Mo kà á lára rẹ̀. Mo ti pa ẹ̀rọ náà, mo ní kí wọ́n wá wò ó." Kò sọ pé "wọ́n" ló ṣe é.

Ẹ lọ wo abẹ́ àtẹ̀gùn ilé yín o. Ire ni tiwa.